Òbúkọ Tí Mo Kúnlẹ̀ Kí

Ìyá tó bí ìyá mi ní òbúkọ kan ní Ìwàrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tó jẹ́ pé ẹni tó bá wọ àgbàlá wọn láàárọ̀ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí i. Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà. Bí o bá ti kí Màmá tán, o ó yíjú sí ẹsẹ̀ ògiri níbi tí ẹran náà dùbúlẹ̀ sí, tó ń jẹ àpọ̀jẹ, tó ń wò ọ́ bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ká ọ mọ́ ẹnu géètì. O ó kúnlẹ̀, o ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Alàgbà." Alàgbà là ń pè é. Alàgbà kò ní dáhùn, kò dáhùn rí. Màmá ló máa ń bá a dáhùn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò le. Nígbà tí bàbá àgbà wà láyé, iwájú ilé ni wọ́n máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, òbúkọ yìí á sì wá dùbúlẹ̀ ti àga wọn. Bí ooru bá mú, Bàbá á ṣí fìlà, wọ́n á fi kọ́ ìwo òsì ẹran náà, wọ́n á máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Òbúkọ ò ní mira. Òbúkọ tó ń já okùn, tó ń jẹ ìwé ìròyìn, tó ti jẹ bàtà pásítọ̀ kan rí lẹ́sẹ̀ kan, á dúró gbagidi títí Bàbá á fi mú fìlà wọn. Nígbà tí Bàbá kú, Màmá ní ẹni tó bá ọkọ òun gbé fìlà kì í ṣe ẹran lásán mọ́. Ó sì tún nírùngbọ̀n. Kí ló kù?

Èmi nìkan ni mo kọ̀. Iṣẹ́ dókítà ẹran ni mo kọ́. Òṣogbo ni mò ń gbé, nínú yàrá kan ní Ìgbọ̀nà, ilé ìwòsàn ẹran tí mo ti ń ṣiṣẹ́ sì wà ní Alékúwodò, láàárín ẹni tó ń tún fóònù ṣe àti ẹni tó ń ránṣọ. Mo ti ti ọwọ́ bọ inú màlúù dé ìgbọ̀nwọ́ rí. Ọ̀bọ kan ti gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi rí, ó sì fẹ́ fi gún mi. Nínú gbogbo ọdún tí mo lò ní yunifásítì, kò sí olùkọ́ tó sọ fún mi pé kí n máa kúnlẹ̀ kí aláìsàn. Mo bá sọ fún Màmá pé àwọn àgbàlagbà èèyàn tí mò ń kúnlẹ̀ fún ti tó fún orúnkún mi, n kò lè fi ti ẹran kún un.

Màmá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí," ni wọ́n wí, "o ó kúnlẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ kan."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo kọjú sí òbúkọ, mo ní, "Ẹran, báwo ni?" Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìwo òsì yẹn gan-an ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Bí Alàgbà ṣe ń dàgbà ni ìwo náà ń tẹ̀ wá síwájú, tó ń rọ́ wálẹ̀, títí ṣóńṣó rẹ̀ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ lábẹ́ ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan jẹun. Egbò yọ níbẹ̀, eṣinṣin sì ń ṣèpàdé lórí rẹ̀. Mo sọ fún Màmá pé a gbọ́dọ̀ gé ìwo náà kó tó wọ ojú lọ.

"Bí ẹ bá gé e," ni Màmá bi mí, "níbo ni a ó fi fìlà bàbá rẹ kọ́?"

Torí Màmá ṣì ń fi fìlà náà kọ́ ibẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ni fìlà ti wà lábẹ́ ilẹ̀, fìlà ṣì ń gba atẹ́gùn.

"Màmá, ìṣó pọ̀ lọ́jà," ni mo dáhùn. Ẹnu mi ò ní gègé, mo mọ̀. Wọ́n tún bínú sí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ẹran náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, àwọn fúnra wọn ló pè mí lórí fóònù pé kí n wá nǹkan ṣe.

Ọ̀gá mi ti ṣetán kí n tó délẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ gáàsì tòkunbọ̀ kan nígbà yẹn, kò sì sí ẹran tí kò fẹ́ fi kùn lóorun. Ológbò tí èékánná rẹ̀ gùn jù, ó ní gáàsì. Ajá tí egungun há sí léyín, gáàsì. Lọ́jọ́ kan tí ẹnìkan gbé adìyẹ wá, mo rí i tí ọ̀gá ń fojú wọn orí adìyẹ náà mọ́ ìbomú ẹ̀rọ, mo sì yára sọ pé, "Sà, kòkòrò inú ló ń dà á láàmú o." Ṣùgbọ́n ti Alàgbà yàtọ̀. Ìwo òbúkọ kì í ṣe èékánná. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ń mọ ìrora; ẹni tó bá gé e lójú ayé bí ẹni gé igi, igbe ẹran náà ò ní tán létí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí gáàsì náà ṣe ń ṣe, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń gbé ẹran wá. Ẹran á fà á símú, á wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ sí ọpọlọ, oorun á dé. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Àléébù rẹ̀ ni pé gáàsì kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ìwọ ní kó kun ọpọlọ lóorun, òun tún lọ ń rọ àwọn iṣan tí ẹran fi ń mí pé kí wọ́n wá sinmi. Àwọn iṣan tó wà láàárín egungun ìhà ló máa ń kọ́kọ́ gbà fún un. Ọ̀lẹ ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti jọ̀wọ́ iṣẹ́, àyà á dákẹ́, ikùn nìkan lo ó máa rí tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, torí iṣan pẹlẹbẹ kan tó tẹ́ sáàárín àyà àti ikùn ló kù tó ń dá gbogbo iṣẹ́ ilé ṣe. Bí gáàsì bá pọ̀ jù, òun náà á rẹ̀ wẹ̀sì.

Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Ọ̀gá á máa gé, èmi á máa wo ikùn. Bí ikùn bá fẹ́ ṣọ̀lẹ, mo ní àpò rọ́bà kan lára ẹ̀rọ náà tí mo máa ń fi ọwọ́ tẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ á wọlé, bí mo bá tú u, á jáde. Ẹ lè sọ pé èmi ni mò ń bá ẹran mí.

Ti ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ tún le ju ti ajá lọ. Ikùn rẹ̀ tóbi, oúnjẹ inú rẹ̀ sì máa ń ru. Nígbà tó bá wà lójú ayé, á gùnfẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Bó bá sùn, kò lè gùnfẹ̀. Ikùn á máa wú, á máa ti iṣan pẹlẹbẹ yẹn sókè, iṣan tí gáàsì ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe pe Màmá, tí mo sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

"Màmá, láti ọ̀sán ọ̀la, kò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan kan mọ́ títí ẹ ó fi gbé e dé. Kò gbọ́dọ̀ jẹ koríko. Kò gbọ́dọ̀ jẹ èèpo iṣu."

"Mo gbọ́."

"Kò gbọ́dọ̀ jẹ ìwé ìròyìn."

"Mo ní mo gbọ́. Ṣé adití lo pè mí ni?"

Lọ́jọ́ náà, káàbù kan dúró níwájú ilé ìwòsàn wa ní Alékúwodò, gbogbo àdúgbò sì ṣíwọ́ iṣẹ́. Ìjókòó iwájú ni Alàgbà wà. Wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ ọn láyà. Fìlà Bàbá wà lórí ìwo òsì. Màmá wà lẹ́yìn pẹ̀lú kúlà kan lórí itan, wọ́n jókòó dáadáa bí ẹni pé báyìí ni gbogbo ayé ṣe ń wọkọ̀. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ fẹ́ imú. Ó ní láti Iléṣà ni ẹni tó jókòó ti òun kò ti gbojú kúrò lára òun, òun ò sì mọ ohun tí òun ṣe é.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Màmá kí wa. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n nawọ́ sí ọkọ̀. "O ò kí wọn?"

"Màmá, iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi."

Tábìlì wa kéré fún Alàgbà, ajá la rà á fún. A bá tẹ́ fóòmù sílẹ̀. A fi ìbomú bo ẹnu àti imú rẹ̀, ó jà díẹ̀, ó sùn. A ti ọ̀pá rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, a so ó mọ́ ẹ̀rọ. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́bàá orí rẹ̀, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìn lábẹ́ ohùn, bó ṣe máa ń ṣe bí inú rẹ̀ bá dùn. A ní kí Màmá dúró síta, wọ́n kọ etí ikún sí wa. A fún wọn ní ìbomú, wọ́n fi wé iwájú orí, wọ́n sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gá ń gé ìwo náà. Mo ń wo àyà, mo rí i tó dákẹ́ bí mo ṣe mọ̀ pé yóò ṣe, mo yí ojú sí ikùn. Ikùn ń gòkè, ó ń sọ̀. Ìgbà tó yá, ó ń gòkè, kò sọ̀ mọ́. Mo ní bóyá ojú mi ni. Ẹ̀gbẹ́ òsì ikùn náà ń yọ síta, ó le koránkorán, ó ń dàgbà lójú mi bí búrẹ́dì nínú iná. Mo wo àpò rọ́bà. Àpò rọ́bà ò mira.

"Sà," ni mo wí, "kò mí mọ́."

Orin ọ̀gá dá. Mo pa gáàsì, mo ṣí ọ́síjìn nìkan, mo kúrò lórí àpótí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àpò náà. Ó le bí ìgbà tí mò ń tẹ ògiri. Ikùn ti ti gbogbo nǹkan sókè, afẹ́fẹ́ ò ríbi gbà.

"Màmá!" Mo pariwo láì gbójú sókè. "Kí lẹ fún ẹran yìí jẹ?"

Màmá fa ìbomú iwájú orí wọn wálẹ̀ bo ẹnu.

"Màmá!"

"Uyán ni," ni wọ́n dáhùn, ohùn wọn kéré.

"Iyán kẹ̀? Ìgbà wo?"

"Ní kùtù yìí ni. A fẹ́ rìnrìn àjò. Ṣé kí n gbé wọn kúrò ńlé lébi? Ta ní í ṣe bẹ́ẹ̀? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́." Wọ́n tún ronú. "N ò fi ọbẹ̀ sí i púpọ̀."

Orí mi gbóná. Mo ní, "Màmá, iyán wọnú, èémí ò ríbi wọ̀!" N kò sọ̀rọ̀ sí Màmá bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi náà: a sọ fún Ìjẹ̀ṣà pé kó má bọ́ ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò, ó ní òun gbọ́, ẹ̀yin náà sì gbà á gbọ́. Ta ni kò gbọ́n nínú wa?

Ọ̀gá ti mú rọ́bà tó nípọn kan, ó kì í bọ ẹnu Alàgbà, ó ń tì í lọ sínú ikùn. Ó ń tì í, kò sí nǹkan kan. Ó tẹjú mọ́ ẹnu rọ́bà náà láti wò ó bóyá ó dí, ibi tó ti ṣàṣìṣe nìyẹn. Ariwo kan jáde tí ẹni tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi béèrè láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀ pé ṣé kò sí wàhálà. Afẹ́fẹ́, omi, àti iyán àárọ̀ tú sí ọ̀gá lójú, ó bo gíláàsì rẹ̀ méjèèjì. Òórùn tó jáde, n kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Ikùn Alàgbà wálẹ̀, ó rọ̀. Àpò rọ́bà ọwọ́ mi rọ̀ pẹ̀lú. Mo tẹ̀ ẹ́, àyà gbé. Mo tú u, àyà wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò mí.

Gáàsì ṣì wà lára rẹ̀, ọ̀nà tó sì gbà wọlé náà ló máa gbà jáde, ìyẹn èémí. Ẹran tí kò mí kò lè lé gáàsì jáde. Ẹran tí gáàsì ò sì tíì jáde lára rẹ̀ kò lè mí. Bí ẹni tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú yàrá ló rí. Èmi nìkan ni mo wà níta pẹ̀lú ọwọ́ mi. Mo ń tẹ̀, mo ń tú. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń bínú sí iyán, sí gáàsì, sí Ìwàrà lódindi.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ìró aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màmá ti wọlé, wọ́n sì ti lóṣòó ti orí Alàgbà.

Aṣọ ni Màmá tà nígbà tí agbára wà, òwò àwọn Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ìyá wọn àti bàbá wọn ló ń lọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà tó jẹ wọ́n lówó pé òṣó làwọn máa ló, àwọn ò ní dìde títí wọn á fi rí ohun tí wọ́n bá wá. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń pè wọ́n ní òṣómàáló. Mo ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ títí ó ti sú mi, n kò fojú rí i rí. Màmá fi aṣọ há itan, wọ́n gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún, wọ́n gbójú sókè sí àjà ilé ìwòsàn wa tí omi òjò ti yà máàpù sí.

"Olúwa," ni wọ́n wí, "òṣó ni mo ló yìí o. N ò dìde."

Ọ̀gá ń wá omi tó máa fi fọjú. Mo ń tẹ̀, mo ń tú.

"Ìgbà tí bàbá rẹ lọ," ni Màmá wí, n kò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, "ulé dákẹ́. Ẹ̀yin gbogbo padà síbi uṣẹ́ yín. Bí mo bá lajú lóru, n ó tẹ́tí sójú fèrèsé, n ó gbọ́ tí wọ́n ń mí níta. Fúù, fúù. N ó ní, ó ṣe o, àwa méjì la wà ńlé. N ó tún sùn." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Bí wọn ò bá mí mọ́, ta ni n ó máa gbọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo rántí pé mo ní ìṣó pọ̀ lọ́jà. Ojú tì mí, omi bọ́ lójú mi, n kò sì ní ọwọ́ tí mo lè fi nù ún. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ara mi, mo rí i pé orúnkún mi méjèèjì ló wà nílẹ̀, láti ìgbà tí mo ti kúrò lórí àpótí, níwájú òbúkọ, nínú iyán.

Mo bá tẹríba sí etí rẹ̀. "Alàgbà," ni mo wí, "ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dákun, ẹ mí, sà."

Ọ̀gá yọ gíláàsì, ó wò mí. Kó máa wò.

Mo tẹ̀ ẹ́, mo tú u. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tú u. Mo tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo rí i tí àpò náà rún díẹ̀ fúnra rẹ̀, láì jẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án. Mo gbọ́wọ́ kúrò. Ikùn gbé. Ó dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ ṣépè, ó wá sọ̀. Ó tún gbé. Àwọn ọ̀lẹ inú ìhà ló dé gbẹ̀yìn, bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n wọ́n dé: àyà gbé pẹ̀lú ikùn, lẹ́ẹ̀kan náà, bó ṣe yẹ.

"Wọ́n ń mí," ni mo wí. Wọ́n ni mo pè é. Mo ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀.

Ọ̀gá parí iṣẹ́ ìwo kíákíá kí oorun tó dá pátápátá. Nígbà tí a fa rọ́bà ọ̀fun yọ, Alàgbà wú ikọ́, ó gbórí sókè, ó wò yíká, ó na ọrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí aṣọ iṣẹ́ ọ̀gá. Kò pẹ́, ó dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Màmá náà fẹ́ dìde. Orúnkún wọn kọ̀. Wọ́n ti ló òṣó náà pẹ́ jù. Èmi àti ọ̀gá ló gbé wọn lápá kọ̀ọ̀kan, Alàgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wò wá bí ẹni pé àwa la mutí.

Bí wọ́n ti jókòó tán, kúlà ni Màmá kọ́kọ́ fà mọ́ra. Iyán tó kù wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa ti ibẹ̀ lọ sílé lébi. Ọ̀gá wo iyán náà, ó ní òun ti jẹ tòun. Èmi jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí mo tún dé Ìwàrà, àárọ̀ kùtù ni. Alàgbà wà lẹ́sẹ̀ ògiri lábẹ́ fèrèsé Màmá, ìwo kan gùn, ìkejì kúrú, egbò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jiná, ẹ̀gbẹ́ ẹnu méjèèjì ló sì fi ń jẹ àpọ̀jẹ. Lókè orí rẹ̀, Màmá ti kan ìwo tí a gé mọ́ ògiri. Ìṣó náà tóbi. Fìlà Bàbá wà lórí ìwo náà, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Mo dúró díẹ̀, mo gbọ́ ohun tí Màmá máa ń gbọ́: fúù, fúù. Mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o."

Màmá yọjú lójú fèrèsé. "Ta lò ń kí?"

"Gbogbo yín ni, Màmá."

Màmá sì bá gbogbo wọn dáhùn.